Òòyì Orí Ibùsùn: Ohun Tí Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Lè Rí Ìtura

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ní Sharjah

Ẹ kú ìrìn, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ti Dubai gba ọ̀nà Al Ittihad wá. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọ̀nà yẹn máa ń fi ojú ẹni rí. Akọ̀wé ní kí n má pẹ́, ó sì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tí yóò yé tọmọdé tàgbà. Màá gbìyànjú.

Òòyì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ìbéèrè tí mo ń gbọ́ tó èyí: "Nọ́ọ̀sì, òòyì ń kọ́ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sókè ni?" Bí mo bá yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń bá a níbi tí ó yẹ kó wà. Inú ẹni náà kì í dùn sí ìdáhùn yẹn, nítorí pé òòyì ṣì ń kọ́ ọ, kò sì wá mọ ohun tí yóò pè é mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n fún mi láyè lónìí.

Ọ̀rọ̀ òòyì lédè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ni, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a máa ń fi pè. Èkíní, kí ilé, àjà àti béèdì máa yí po bí ẹni pé a wà lórí ọlọ. Èkejì, kí ojú ṣú bí ẹni fẹ́ dákú, pàápàá nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ẹ̀kẹta, kí ẹsẹ̀ má ranlẹ̀, kí ó dà bí ẹni ń rìn lórí tìmùtìmù. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà lẹ́yìn wọn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ilẹ̀ yìí, tí òun pàápàá ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ tí ẹ̀yin náà ń sọ tiyín, ẹ má wulẹ̀ sọ pé òòyì ń kọ́ yín. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó dé, ẹ sì sọ bó ṣe pẹ́ tó. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn wúlò fún dókítà ju àyẹ̀wò olówó ńlá lọ.

Èkíní ni mo fẹ́ gbájú mọ́, èyí tí ayé ń yí.

Nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí ẹni tí kò pòòyì rí nínú wa. A ó na ọwọ́ méjèèjì, a ó máa yí po lójú kan nínú àgbàlá títí a ó fi ṣubú lulẹ̀, a ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ máa rẹ́rìn-ín bí ilé àti igi ṣe ń yí lọ. Ẹ rántí pé a ti dúró nígbà náà, ara wa kò yí mọ́, síbẹ̀ ilẹ̀ kò dúró. Kí ló wá ń yí? Omi inú etí wa ni.

Etí tí Ọlọ́run fún wa, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń gbọ́ràn, ó sì ń sọ fún wa bí orí wa ṣe wà. Nínú egungun orí lọ́hùn-ún, páìpù tín-ín-rín mẹ́ta wà ní etí kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká bí òrùka, omi sì kún inú wọn. Bí a bá yí orí, omi náà yóò ṣẹ́yìn díẹ̀, yóò ti irun wẹ́wẹ́ kan tó wà ní ìdí páìpù, irun yẹn ni yóò ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé orí ti yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì, pé ó tẹrí ba tàbí pé ó gbójú sókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páìpù yìí ni àpò kékeré kan wà, ohun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù sì wà nínú rẹ̀. Orí ẹ̀kọ yìí ni òkúta wẹ́wẹ́ tò sí, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Ohun tí a fi ṣe wọ́n kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wúwo, kí ọpọlọ lè mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí okùn tí bíríkìlà so irin mọ́ nídìí ṣe ń sọ fún un bóyá ògiri dúró ṣánṣán.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí díẹ̀ nínú òkúta náà bá já kúrò ní àyè rẹ̀, tó yọ́ wọ inú páìpù tí kò yẹ kó wọ̀. Bí ẹni náà bá dùbúlẹ̀, tàbí tó bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, òkúta yóò yí lọ sísàlẹ̀, yóò fa omi lọ́wọ́. Ọpọlọ yóò gbọ́ láti etí pé orí ń yí kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ ojú àti ara ń wí fún un pé ènìyàn sùn jẹ́ẹ́ sórí béèdì. Ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu ni wọ́n. Èébì tó ń gbé ènìyàn àti òógùn tútù tó ń bò ó, ìjà àwọn ẹlẹ́rìí yìí ló fà á. Ojú gan-an á máa já fìrìfìrì, bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí tó wò ó. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú kan, òkúta ti balẹ̀, omi ti dúró, ìyíyí náà sì dáwọ́ dúró, títí di ìgbà tí ẹni náà bá tún yí padà.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é gùn: benign paroxysmal positional vertigo. BPPV ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn sínú ìwé yín, nítorí bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yóò yára.

Ta ló ń mú? Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń mú jù, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó fi orí gbá nǹkan nínú ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí tó ṣubú lè ní i, ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́ lè ní i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì wà tí kò sí ìdí kankan tí a lè tọ́ka sí. Wọ́n kàn jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ni.

Ìyá kan wà nínú ẹbí ẹgbẹ́ wa yìí, mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ló ti wá sí Al Nahda láti wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó yí padà lórí ibùsùn láti gbé ọmọ tí ń ké, ni àjà ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó fi ọmọ náà sílẹ̀ níbi tó wà, ọgbọ́n ńlá nìyẹn, ó di béèdì mú, ó ń ké pe ọmọ rẹ̀. Ìyá yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró oògùn kan ló ń lò lóòjọ́. Lọ́jọ́ náà ó lo méjì. Ní ọjọ́ kejì òòyì tún dé, ó lo mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bó ṣe dìde láti lọ sí ilé ìwẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú, egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Òkúta etí kọ́ ló kán ìyá lọ́wọ́. Oògùn tó lò ju bó ṣe yẹ lọ ló fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ tó fi dákú. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, tẹlifóònù kò dákẹ́. Àwọn ará ilé ní kì í ṣe ojú lásán, pé inú àwọn kan kò dùn pé ó lọ sí òkè òkun, pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè bá a wádìí. Owó náà lọ. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ó yí orí pẹ̀lú!

Nígbà tí wọ́n to egungun rẹ̀ tán, dókítà etí, imú àti ọ̀fun wá wò ó. Ó ní kí ó jókòó, ó yí ojú rẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì gbé e dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í já fìrìfìrì, ó ké. Dókítà ní, "Òun nìyẹn." Ó yí orí rẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi gbé e dìde. Lálẹ́ ọjọ́ náà ìyá yí ẹ̀gbẹ́ padà, àjà kò sì yí. Ohun tí kò gba hóró oògùn kan ni a ti ná owó lé lórí, tí a tún fi ọwọ́ dídá san kún un.

Ibo ni ìmọ̀ yìí ti wá? Ó pẹ́ kó tó dé. Dókítà etí kan ní ìlú Vienna, Robert Bárány, ló kíyè sí i pé bí òun bá fi omi tútù fọ etí aláìsàn, òòyì yóò kọ́ ọ. Bí òun bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, yóò kọ́ ọ ní òdìkejì. Nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914, nígbà tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà. Ní 1921 ó kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí òòyì ń kọ́ nígbàkígbà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Margaret Dix àti Charles Hallpike ní London ló ṣàlàyé ọ̀nà àyẹ̀wò náà yékéyéké ní 1952, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́ títí dòní. Síbẹ̀ wọn kò tíì mọ bí wọn yóò ṣe wò ó. Dókítà John Epley ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ló rò ó pé bí ó bá jẹ́ òkúta ló wà nínú páìpù, ẹ jẹ́ kí a yí páìpù náà títí òkúta yóò fi jábọ́. Nígbà tó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1980, ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ọdún 1992 ni ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ tó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà etí. Lónìí, kò sí dókítà etí tó mọṣẹ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ rò ó bí ọmọ kékeré kan tó ju ìlẹ̀kẹ̀ sínú rọ́bà tó ká. Kò sí oògùn tí ẹ lè dà sínú rọ́bà náà tí ìlẹ̀kẹ̀ yóò fi jáde. Ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa yí i ni, títí yóò fi já sí ọwọ́ yín. Nítorí náà ni hóró oògùn òòyì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n lè dín èébì kù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú oorun kunni, wọ́n ń mú kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà má ranlẹ̀, tí a bá sì lò wọ́n pẹ́, ọpọlọ kò ní kọ́ bí yóò ṣe fara da nǹkan náà. Mo mọ ẹni tó lo oṣù mẹ́jọ lórí wọn. Ìlànà tí àwọn dókítà etí Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2017 sọ ọ́ kedere pé kí a má máa fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ wo BPPV, kí a má sì máa tètè sáré lọ ya àwòrán orí fún ẹni tí àmì rẹ̀ bá èyí mu, tí kò sì ní àmì mìíràn.

Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń yí orí náà. Ohun tó dára jù ni kí dókítà etí tàbí òṣìṣẹ́ fisiotẹ́rápì tó mọ̀ ọ́n ṣe é fún yín lẹ́ẹ̀kíní, kí ó sì fi ọ̀nà hàn yín. Bí ó bá tún padà, ẹ lè ṣe é fúnra yín nílé. Kí ẹnìkan wà pẹ̀lú yín, kí abọ́ èébì sì wà nítòsí. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò dára, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ ní àìsàn, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, kí ó má dán an wò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ etí wo ni. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá fi lélẹ̀ tí òòyì fi dé tagbáratagbára, etí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni òkúta wà. Ká sọ pé ọ̀tún ni. Ẹ jókòó sórí béèdì, kí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kí ẹ fi ìrọ̀rí sẹ́yìn níbi tí èjìká yóò balẹ̀ sí, kì í ṣe orí. Ẹ yí ojú sí ọ̀tún, kí àgbọ̀n wà ní agbede-méjì iwájú àti èjìká. Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kíá láì yí ojú padà, kí èjìká bọ́ sórí ìrọ̀rí, kí orí sì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Òòyì yóò dé níbí. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dìde; òkúta ló ń rìn. Ẹ dúró títí yóò fi lọ, kí ẹ tún ka ìṣẹ́jú àáyá 30 lé e. Láì gbé orí sókè, ẹ yí ojú kọjá sí òsì títí àgbọ̀n yóò fi wà ní agbede-méjì iwájú àti èjìká òsì, kí ẹ tún ka 30. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbogbo ara yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ojú tún yí tẹ̀lé e títí imú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo ilẹ̀, kí ẹ tún ka 30. Ẹ wá sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn, kí ẹ dìde jókòó pẹ̀lẹ́, kí àgbọ̀n wà nísàlẹ̀. Ẹ má dìde dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ etí òsì ni, ohun gbogbo yóò yí padà: ọ̀tún yóò di òsì, òsì yóò di ọ̀tún.

Nínú ènìyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ni ara wọn yóò yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ara lè máa ṣe yín gàrà-gàrà fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, kì í ṣe ohun ìjayà. Ó sì lè padà lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ẹ kàn tún yí orí ni.

Ọ̀nà mìíràn wà tí Dókítà Carol Foster ti Colorado kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2012, tó jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ni a ti ń ṣe é, tí a ó gbé orí kanlẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ta òkìtì. Ó rọrùn fún ẹni tí kò ní béèdì tó fẹ̀. N kò ní ṣàlàyé rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, màá fi hàn án, kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ lórí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ó ti ń ká wa mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé yàrá àjọgbé ní Deira àti Rolla, béèdì alájà méjì ni ọ̀pọ̀ ń sùn lé. Ẹni tí òòyì yìí bá ń kọ́, kí ó bẹ ẹnìkejì rẹ̀ kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, kí ó sùn nísàlẹ̀. Ẹni tó bá jí lójijì lókè tí ayé ń yí, àtẹ̀gùn irin yẹn kò ní ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ṣe irun, nígbà tí ẹ bá da orí oníbàárà sẹ́yìn sínú báásínì láti fọ irun rẹ̀, ibẹ̀ ni òkúta ti máa ń rìn. Ẹ fi aṣọ ìnura sábẹ́ ọrùn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ jù. Ẹni tó ń to ọjà sórí pẹpẹ òkè, tó ń gbójú sókè, kó má gun àkàsọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tí ń wa ọkọ̀, títí kan ẹ̀yin tí ọ̀kadà ìgbóúnjẹ jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ má wà á títí òòyì yóò fi lọ pátápátá. Orí kan ṣoṣo tí ènìyàn yí láti wo ẹ̀yìn lórí Sheikh Zayed Road ti tó.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa sọ fún mi pé ìforíkanlẹ̀ ló ń fa tiwọn jù, àwọn kan sì ti ń sá fún ìrun nínú mọ́sálásí nítorí ìtìjú. Ẹ bi àwọn áfáà yín, wọn yóò sọ fún yín pé aláìsàn lè jókòó kírun. Bákan náà ni ìdọ̀bálẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní ọdún tó kọjá, ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀, kò lè dìde, gbogbo èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ló pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló kàn. Ó máa ń jọni lójú pé ní ilẹ̀ Emirates yìí, níbi tí oòrùn ti ń jó ènìyàn, àìtó fítámìn D pọ̀ láàárín àwọn ará ibẹ̀, àwọn olùwádìí sì ti rí i léraléra. Láti inú ilé amúlétutù la ti ń wọ inú ọkọ̀ amúlétutù, láti ibẹ̀ a bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù amúlétutù. Àwọ̀ dúdú tiwa sì ń fẹ́ kí oòrùn pẹ́ lára wa ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Kí ló kan òòyì? Fítámìn yìí ló ń bá ara tọ́jú ohun tí a fi ṣe egungun àti òkúta etí. Ní 2020, àwọn dókítà ní Gúúsù Kòríà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 8 pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 tí wọ́n ti wo BPPV wọn sàn. Wọ́n fún àwọn tí fítámìn D tiwọn kéré ní fítámìn náà àti kálísíọ̀mù fún ọdún kan, pípadà òòyì sì dín kù sí i ju ti àwọn tí a kò fún lọ, nǹkan bí ìdámẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ra ìgò ńlá kí ẹ máa gbé e mì o. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ó bá pọ̀ jù lára, kíndìnrín ni yóò jìyà rẹ̀.

Òòyì kejì, ti ojú ṣíṣú, èmi yóò yára kọjá lórí rẹ̀. Ooru, àìmu omi tó, ààwẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó pọ̀ jù, ṣúgà tó wálẹ̀ lára ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, àìtó ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn lè fà á. Láti 15 oṣù kẹfà sí 15 oṣù kẹsàn-án, òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí wọ́n mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago 12:30 sí aago 3:00 ọ̀sán, láti 2005 sì ni òfin ìsinmi ọ̀sán yìí ti wà. Ẹ lò ó. Ẹni tó bá ń ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tó sì fẹ́ gbààwẹ̀ Ràmàdáánì, kí ó rí dókítà kí oṣù tó lé. Ẹ̀kẹta, ti ẹsẹ̀ tí kò ranlẹ̀, ó lè jẹ́ ti ọjọ́ orí, ojú tàbí iṣan ẹsẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ti abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n ń gún ní ilé láìwọ̀n, tó lè ba etí inú jẹ́ títí ayé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé kì í sábà pariwo. Ó lè wà lókè fún ọdún mẹ́wàá kí a má mọ nǹkan kan. Nítorí náà òòyì kì í ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ̀rọ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ má fi hóró kún oògùn yín nítorí òòyì, ẹ má sì dáwọ́ rẹ̀ dúró nítorí pé mo ní òkúta etí ni.

Nísinsìnyí, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la. Bí òòyì bá dé, tí ẹnu sì wọ́ sí apá kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kú tipiri, tí ojú ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí ènìyàn kò lè dá rìn rárá, tàbí tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lójijì bí kò ṣe fọ́ rí, ẹ pe 998 kíá fún ọkọ̀ aláìsàn. Ẹ má yí orí ẹni náà, ẹ má pe ilé, ẹ má wá takisí. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn lè jẹ́, wákàtí díẹ̀ ló sì wà fún oògùn tó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí òòyì bá sì ń lọ fún odidi wákàtí tàbí ọjọ́ láìdáwọ́ dúró, tàbí tí etí kan dití lójijì, tàbí tó ń hó, kì í ṣe èyí tí mò ń sọ lónìí. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́. Ní Dubai, òfin íńṣọ́ránsì ìlera ti wà láti 2013. Ní Sharjah àti àwọn Emirate àríwá, oṣù kìíní ọdún 2025 ló di dandan fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni àti àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé. Ọ̀gá ló ń san án. Ọ̀pọ̀ káàdì kékeré ló ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí dókítà gbogbogbòò kí ó tó fi yín ránṣẹ́ sí ti etí, nítorí náà ẹ dárúkọ BPPV fún un. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọmọ wa pé bí àwọn bá gba ìwé àìsàn, iṣẹ́ bọ́. Òfin iṣẹ́ ti 2021 fún ẹni tó ti kọjá àkókò ìdánwò ní ọjọ́ 90 fún àìsàn lọ́dún: 15 pẹ̀lú owó pípé, 30 pẹ̀lú ìdajì owó, 45 láìsí owó. Kí ẹ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, kí ẹ sì mú ìwé dókítà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ní òfin tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹ má sì sọ fún ará ilé kó fi oògùn ránṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀. Tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní codeine, abẹ́ òfin líle ni wọ́n wà níbí. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ lè ti pápákọ̀ òfuurufú dé àtìmọ́lé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará béèrè ìbéèrè, akọ̀wé sì ní kí a fi méjì kún un.

Ẹ̀gbọ́n kan béèrè pé, "Ṣé kí n máa sùn ní ìjókòó kí ó má bàa padà?" Rárá o. Àwọn kan ń kó ìrọ̀rí mẹ́rin jọ, ọrùn ni yóò máa dùn wọ́n. Lẹ́yìn tí a bá ti yí orí yín tán, ẹ sùn bí ẹ ṣe ń sùn.

Ìyá kan béèrè pé, "Mo fẹ́ lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀, ṣé mo lè wọ bàálù?" Ẹ lè wọ̀ ọ́, Mà. Bàálù kọ́ ló ń já òkúta. Kí wọ́n yí orí yín ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, kí ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè tètè dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọkùnrin tó wà nítòsí bá yín gbé báàgì sí àpótí òkè.